Ó Máa Gbé Yín Délé

Òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Òórùn dídùn kan báyìí, bí ìgbà tí súgà bá ń jóná nídìí ìkòkò, ó gba ojú AC wọnú mọ́tò, mo tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń dín dòdò lẹ́bàá ọ̀nà ni. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹjọ, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá, mo ti kúrò ní Òsíẹ̀lẹ̀, mo ń wọ ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá lọ, Ìbàdàn ni mò ń lọ, àpò àdìrẹ mẹ́ta ló wà ní búùtù, ìgbéyàwó ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ìyá ìyàwó sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin látàárọ̀. Mo wo géèjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn. Abẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé àárín gbùngbùn ló máa ń dúró sí látọjọ́ tí mo ti ra mọ́tò yẹn, ó ti fẹ́ kan pupa.

Mo pa AC, mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnì. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, èéfín funfun ti ń yọ láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti iná iwájú, mo sì ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń hó lábẹ́ ibẹ̀ bí ìgbà téèyàn gbé omi ẹ̀bà kaná tó wá gbàgbé ẹ̀. Bàbá kan tó fi ọkọ̀ kó ẹ̀gẹ́ dúró fún mi, Ọlọ́run á bá mi bù kún un, ó ti mú àkísà lọ́wọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n bá yín ṣí ìdérí ẹ̀ kí ooru inú ẹ̀ lè jáde." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má ṣí i, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ kan rí ní Kútọ̀ tó ṣí rédíétọ̀ gbígbóná, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá ni awọ ẹ̀ bó kúrò, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún péré, mi ò lè gbàgbé bó ṣe ń sunkún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé omi inú rédíétọ̀ kì í ṣe omi tó kàn ń gbóná lásán, omi tí wọ́n há mọ́nú ni. Ìdérí kékeré yẹn ní sípíríǹgì nínú, òun ló ń tẹ omi náà mọ́lẹ̀, lára ọ̀pọ̀ mọ́tò agbára ẹ̀ máa ń tó 13 sí 16 psi, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń tẹ nǹkan tó nìyẹn. Omi tó yẹ kó hó ní 100 digirí, tí wọ́n bá há a mọ́ báyẹn kò ní hó àfi tó bá tó bí i 120, tí wọ́n bá wá po kúláǹtì, omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀, mọ́ ọn ní ìdajì-ìdajì ó lè sún mọ́ 130 kó tó hó. Ìyẹn ni ẹ́ńjìnì fi ń lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn tiwa yìí tí omi ẹ̀ ò hó. Ẹ wá lọ ṣí ìdérí, agbára yẹn lọ lójijì, omi tó ti kọjá 100 á hó lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹ̀ á fò bò yín lójú. Bó ṣe rí náà nìyẹn tí ihò bá wà lára rédíétọ̀, kódà kó má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Kì í ṣe omi tó ń jò sílẹ̀ nìkan ni wàhálà, agbára yẹn ni kò ní lè dúró mọ́, omi á wá tètè máa hó, ibi tó bá ti hó sì rèé, èéfín ló máa wà níbẹ̀ dípò omi, èéfín ò sì lè gbé ooru kúrò lára irin bí omi ṣe ń gbé e. Mọ́tò lè gbóná débi tó máa bàjẹ́ kó sì jẹ́ pé omi ṣì wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Mo pe bàbá mẹkáníìkì mi. Ọ̀bàntokò ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ọ̀kadà ni wọ́n gùn wá bá mi, ọmọ iṣẹ́ wọn kan jókòó sẹ́yìn, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé itan.

"Àǹtí, ṣé ẹ ò ṣí i?"

"Mi ò ṣí i o, Bàbá."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ á jókòó ná."

A jókòó lóòótọ́. Ó ju ìṣẹ́jú ogójì lọ tá a fi jókòó sórí igi kan níbẹ̀, ìyá ìyàwó ń pè, ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo ń wo ọ̀nà síwá sẹ́yìn. Nígbà tí bàbá lè fọwọ́ di họ́ọ̀sì òkè mú tí kò jó wọn ni wọ́n tó ṣí ìdérí, wọ́n rọmi sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ mọ́tò, wọ́n wá tan tọ́ọ̀ṣì wọlé. Ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ni, ibi tí ike orí ẹ̀ ti pàdé alumíníọ̀mù, rọ́bà tó wà láàárín méjèèjì ló ti gbó. Nǹkan funfun ti gbẹ yí ibẹ̀ ká bí iyọ̀, bàbá ní èyí kì í ṣe ti òní, ó ti ń sun díẹ̀díẹ̀ tipẹ́, tí mọ́tò bá ti tutù kò ní jò mọ́ nítorí agbára inú ẹ̀ ti lọ, ìyẹn ni mi ò fi rí i nílẹ̀ láàárọ̀ rí. Omi ń kán níbẹ̀. Mo kà á. Tí mo bá ti ka oókan, eéjì, ẹ̀kán kan á já.

Bàbá yọ ike kékeré kan nínú àpò wọn, ohun tí gbogbo wa ń pè ní sítọ́ọ̀pù-líìkì, oògùn tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ kó lè dí ibi tó ń jò. Wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, mo rí i pé nǹkan kan ti sìlẹ̀ sí ìdí ẹ̀ bí ògì tó ti sùn, wọ́n wá ń gbọ̀n ọ́n, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, mo rò pé wọn ò ní dáwọ́ dúró. Wọ́n rọra ń dà á sẹ́nu rédíétọ̀, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí n tan hítà kó lọ dópin. Hítà! Mi ò tíì tan hítà mọ́tò yẹn rí látọjọ́ tí mo rà á, ta ló ń tan hítà l'Ábẹ́òkúta? Àmọ́ wọ́n ṣàlàyé fún mi pé rédíétọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tí omi gbígbóná ń gbà kọjá fún hítà yẹn, lára àwọn mọ́tò kan tẹ́ ẹ bá pa hítà omi ò ní rìn níbẹ̀, oògùn á sì lọ sùn síbẹ̀, á dì. Ohun tó bá ń rìn kì í tètè sùn. Mo wá jókòó sínú ooru yẹn, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi, mo na ọrùn jáde lójú wíńdò, mo ń ka ẹ̀kán omi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún mo kà dé eéje kí òmíì tó já. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mo kà dé ogójì. Lẹ́yìn ìyẹn mo kà, mo kà, nǹkankan ò já mọ́.

Bàbá fi àkísà nu ọwọ́, wọ́n ní, "Àǹtí, ó máa gbé yín délé." Wọ́n wojú mi. "Ilé ni mo wí o. Ọjọ́ Ajé kẹ́ ẹ gbé e wá, ká pààrọ̀ rédíétọ̀."

Mo ní ẹ ṣeun sà, mo sì gbé e lọ sí Ìbàdàn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó wà nínú ike yẹn gan-an, torí àwa tá à ń lò ó kì í bi ara wa. Kì í ṣe oríṣi kan. Òmíì wà tó jẹ́ nǹkan lílọ̀ ló wà nínú ẹ̀, fáíbà, èèpo àwọn èso líle, atalẹ̀ pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni, atalẹ̀ tí à ń fi sí zobo, omi á gbé e kiri títí á fi débi tí omi ti ń sá jáde, á há síbẹ̀, òmíì á tún há lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni ihò á ṣe dí. Nǹkan wọ̀nyí ò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì, ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ti fi tábúlẹ́ẹ̀tì irú ẹ̀ sínú ẹ́ńjìnì àwọn Cadillac kan rí látilé iṣẹ́ wá. Àwọn dẹ́rẹ́bà àtijọ́ náà ní tiwọn, wọ́n á fọ́ ẹyin sí rédíétọ̀, omi gbígbóná á se é, á lọ dí ihò, tàbí kí wọ́n da ata dúdú lílọ̀ sí i. Òmíì tún wà tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú irin ló wà nínú ẹ̀, alumíníọ̀mù tàbí kọ́pà, tẹ́ ẹ bá gbé ike ẹ̀ síwájú iná ẹ máa rí i tó ń tàn yinrinyinrin.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, sodium silicate. Òun ni wọ́n máa ń tà fún àwọn tí top gasket wọn ti ń jò, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé. Omi ni tó bá wà nínú ike, àmọ́ tó bá dé ibi tó gbóná gan-an tí omi ara ẹ̀ gbẹ kúrò, á le, á dà bíi gíláàsì, ìyẹn ló fi ń dí ihò nínú ẹ́ńjìnì níbi tí fáíbà ò ní lè dúró. Ó dáa. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fi nǹkan kan náà ṣe lọ́dún 2009. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn kó mọ́tò àtijọ́ tó ń jẹ epo jù wá, wọ́n á bá wọn dín owó mọ́tò tuntun kù, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnì àtijọ́ yẹn tún padà sójú títì láéláé. Wọ́n á fa ọ́ìlì ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á da sodium silicate rọ́pò ẹ̀, wọ́n á tẹ mọ́tò, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ẹ́ńjìnì á gan pátápátá. Ó lé ní 600,000 mọ́tò tí wọ́n gbà lọ́nà yẹn. Nítorí náà tí ọ́ìlì yín bá ti rí bíi tíì oní mílíìkì, tó túmọ̀ sí pé omi àti ọ́ìlì ti ń pàdé nínú ẹ́ńjìnì, mo bẹ̀ yín, ẹ má dà á. Ohun tẹ́ ẹ rò pé ó ń lọ sínú omi lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú ọ́ìlì, wọ́n sì ti fi han gbogbo ayé ohun tó máa ń ṣe níbẹ̀. Ẹ ka ara ike náà. Tí kò bá kọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ dá a padà fún oní ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ajé tí bàbá dá, mi ò lọ. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló wà nílẹ̀, ìyẹn òótọ́ ni, ike oògùn yẹn ò ju ₦5,000 lọ, rédíétọ̀ tòkunbọ̀ tí bàbá ń sọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹ̀. Àmọ́ owó nìkan kọ́. Mọ́tò ò jò mọ́ ni. Láràárọ̀ ni mò ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, ilẹ̀ gbẹ táútáú, géèjì padà sáàárín, mo wá ń rò ó lọ́kàn mi pé bóyá ó ti san. Oṣù kẹsàn-án lọ, oṣù kẹwàá lọ. Mo gbé e lọ s'Ékòó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé e lọ sí Ṣágámù, mo gbé e lọ s'Íjẹ̀bú. Ilé ni wọ́n ní ó máa gbé mi dé, mo ti dé ilé yẹn mo sì ti kọjá ẹ̀ lọ láìmọye ìgbà.

Nínú oṣù Kejìlá mo rí omi díẹ̀ nílẹ̀ nínú kọ́ńpáǹdì. Mi ò pe bàbá. Mo mọ̀ pé wọ́n máa bi mí nípa ọjọ́ Ajé, ojú sì ń tì mí. Mo ra ike míì fúnra mi, mo da gbogbo ẹ̀ sí i, mi ò fa ti tẹ́lẹ̀ kúrò, mi ò fọ inú ẹ̀, mo sì ti ń fi omi ẹ̀rọ kún un látìgbà yẹn torí kúláǹtì ti wọ́n. Ìyẹn gan-an ni mo ṣe tó bà á jẹ́, ohun tó mú mi jókòó kọ gbogbo èyí náà sì nìyẹn, torí mo mọ̀ pé ẹni kan wà níbì kan báyìí tó mú ike kejì lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ kí n tó gbàgbé, omi kúláǹtì tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ má fi sílẹ̀. Ethylene glycol tó wà nínú ẹ̀ májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu, ajá á lá a, ológbò á lá a, ọmọdé náà lè tọ́ ọ wò, kíndìnrín ló máa ń bà jẹ́. Ẹ da yẹ̀pẹ̀ bò ó, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ náà dànù, ẹ wá da omi púpọ̀ sí ibẹ̀. Èmi ò rò ó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn rárá, ajá aládùúgbò wa sì máa ń wá sùn sábẹ́ mọ́tò mi.

Oṣù kẹta wá dé. Ẹ mọ bí oòrùn oṣù kẹta ṣe máa ń rí n'Ílẹ̀ Ẹ̀gbá, àpáta gbogbo á gbóná, ooru á máa jáde látara òkúta títí di alẹ́. Láfẹ́ńwá ni mo ti ń bọ̀, gòsúlóò wà ní Pàǹsẹ́kẹ̀, mo tan AC, a kàn ń rá pálá lọ, mo gbójú sókè, abẹ́rẹ́ ti tún gun òkè lọ. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Kò sí ẹ̀kán kan. Nígbà tó tutù tí mo ṣí i, omi kún dé ẹnu. Fáànù ń yí. Kò jò rárá, ó sì ń gbóná ju ìgbà tó ń jò lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, èmi làpálàpá ni mo ti ń pa fún oṣù méje.

Bàbá ò bá mi jà. Wọ́n tẹ mọ́tò títí ó fi gbóná díẹ̀, wọ́n pa á, wọ́n wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú rédíétọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n mú ọwọ́ tèmi náà kàn án. Ibì kan gbóná, ibi tó tẹ̀ lé e tutù, ibì kan tún gbóná. "Ibi tó tutù yẹn, omi ò kọjá níbẹ̀ mọ́." Wọ́n tú u sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mú sùkúrù-dẹ́rẹ́bà, ó ń ká etí alumíníọ̀mù yẹn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan títí ike orí ẹ̀ fi ṣí, mo wá rí inú ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ihò pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò bí eyín kóòmù, ibẹ̀ ló yẹ kí omi máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Nǹkan kan tó ní àwọ̀ eérú ló dí wọn, òmíì pupa rẹ́súrẹ́sú nítorí ìpẹtà tó ti pò mọ́ ọn. Bàbá fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ, wọ́n tì í bọ ihò àkọ́kọ́, ó wọlé. Ìkejì, kò wọlé. Ìkẹta, kò wọlé. Ìkẹrin wọlé dé ìdajì ó sì kán sínú. Wọ́n ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sọ nǹkankan, mo kàn ń gbọ́ bí igi yẹn ṣe ń kọ́ irin. Èyí tí kò wọlé ju èyí tó wọlé lọ.

Mo bi wọ́n pé ṣé oògùn yẹn ni ò dáa ni. Wọ́n ní rárá, oògùn dáa, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Omi ẹ̀rọ tí mò ń dà sí i ló mú ìpẹtà wá, ìpẹtà àti oògùn pò pọ̀, ó di àmọ̀, ike kejì tí mo wá dà lé e, ihò kékeré kan ló wà fún un láti dí, ìyókù ẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi sùn. Ibi tí omi bá ti rọra ń rìn tí ọ̀nà ẹ̀ sì tín-ín-rín ló máa lọ sùn sí, inú rédíétọ̀ sì nìyẹn. Àwọn tó wà nílùú òtútù, hítà tó dí ni wọ́n sábà máa ń ráhùn lé lórí torí òtútù ń mú wọn. Àwa ò ní mọ̀ tí hítà bá dí. Tiwa, tó bá dí, rédíétọ̀ gan-an la máa fi mọ̀, nínú oòrùn, lórí òkè, nínú gòsúlóò.

Mo gbé apá kan irin tí wọ́n tú yẹn lọ sọ́dọ̀ màmá mi n'Ítòkú. Mi ò lè sọ ìdí tí mo fi gbé e lọ, mo kàn fẹ́ kí wọ́n rí ohun tó gba owó lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ lọ́wọ́. Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, láfún la fi ń se ẹ̀kọ yẹn, a máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i, ibi tẹ́ ẹ bá ya ẹ̀kọ sí tó bá gbẹ, aró ò ní lè wọ ibẹ̀, ibẹ̀ ló máa yọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà nígbà tí aṣọ bá jáde. Màmá gba irin náà, wọ́n fi èékánná họ ẹnu ihò kan, nǹkan yẹn bọ́ sí wọn lọ́wọ́ pẹlẹbẹ, wọ́n ní, "Ẹ̀kọ rèé."

Wọ́n wá ní, "Ẹ̀kọ tèmi, mo mọ ibi tí mo fi sí. Tí aró bá ti mu aṣọ tán, mo máa ha á kúrò, mo máa fọ̀ ọ́. Èyí tìẹ, ta ló bá ẹ ha á?"

Mi ò lè dáhùn. Mo dúró síbẹ̀, wọ́n ti padà sídìí iṣẹ́ wọn, wọ́n ń ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, wọ́n ń fà á tẹ́ẹ́rẹ́ lórí aṣọ láìwo ẹ̀yìn.

Àwọn kan máa ń sọ pé kéèyàn má fi oògùn yẹn kan mọ́tò ẹ̀ láéláé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì tí mo bọ̀wọ̀ fún. Mi ò gbà fún wọn. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, kò tíì dá dúró lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá rí nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, obìnrin nìkan, pẹ̀lú ẹrù olówó ẹrù. Ike kan tó dí ihò náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dúpẹ́ lórí ẹ̀ títí dòní, bí n bá tún bá ara mi níbẹ̀ lọ́la, màá tún dà á. Àwọn tó ń sọ pé ó ń wo mọ́tò sàn náà, mi ò gbà fún wọn. Ó ní ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Ihò tó ń sun, tó ń kán, ó lè ṣe é. Họ́ọ̀sì tó ya, kò lè ṣe é, ẹ gé ibi tó ya kúrò tó bá jẹ́ etí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá tún kílíìpù ẹ̀ dè. Ike rédíétọ̀ tó là gbàràgbàrà, kò lè ṣe é. Mọ́tò tó ń gbóná tí kò jò rárá, kí lẹ fẹ́ kó dí?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí, ti àwọn tó ń da oògùn yìí sínú mọ́tò tí wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n mọ̀ pé ó ń jò, wọ́n á dà á lálẹ́, ẹni tó fẹ́ rà á dé láàárọ̀, ilẹ̀ gbẹ, géèjì dáa, ó kó owó tó ti ń tọ́jú láti ọdún mélòó kan sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìwọ̀nba ọ̀nà ló kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò, ẹ dé ibẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ ṣì tutù, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ ti ìka bọ ẹnu ẹ̀, ẹ fi ra á yíká. Kúláǹtì tó dáa máa ń mọ́, bóyá pupa ni, bóyá àwọ̀ ewé ni. Tí ìka yín bá gbé nǹkan bí àmọ̀ jáde, tàbí nǹkan tó ń tàn yinrinyinrin, ẹ bi olówó mọ́tò léèrè, kẹ́ ẹ sì wo ojú ẹ̀ nígbà tó bá ń dáhùn. Tó bá sì ní ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣí i, ẹ máa lọ sílé.

A pààrọ̀ rédíétọ̀ mi, bàbá fi omi fọ inú ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó jáde láìní àwọ̀, wọ́n yọ tàmósítáàtì, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sí rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, nǹkan yẹn ti lẹ̀ mọ́ òun náà. Mo ní kí wọ́n fi tuntun síbẹ̀, kí wọ́n má kàn yọ ọ́ sọnù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi sí i. Kúláǹtì gidi la dà sí i, ó wọ́n, mo san án.

Ike kan ṣì wà nínú búùtù mi, tuntun, mi ò tíì ṣí i. Nínú oṣù tó kọjá ọkọ àbúrò mi pè mí láti Ṣíún, ó ní, "Àǹtí, omi ń kán lábẹ́ mọ́tò mi, wọ́n sọ pé ẹ mọ oògùn ẹ̀." Mo wakọ̀ lọ bá a. Mo wò ó, ó ń kán lóòótọ́, kò yá jù, ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ náà ni. Ó na ọwọ́ sí ike. Mo ní, "Ọkọ wa, ẹ kọ́kọ́ pe mẹkáníìkì yín kí n tó ṣí i. Ẹ pè é níṣojú mi, ẹ dájọ́." Ó wò mí bíi pé mi ò mọ̀ pé oòrùn ń pa wá, àmọ́ ó pè é. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo gbọ́ ọ létí mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ike náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì ọ̀sán, ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Rédíétọ̀ àtijọ́ ló wà nílẹ̀, wọ́n ti ṣí ike orí ẹ̀. Mo fa fọ́tò yẹn tóbi dáadáa. Nǹkan eérú yẹn wà lẹ́nu ihò méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo ìyókù ṣí sílẹ̀, dúdú, èèyàn lè rí inú wọn.